Bọ́ọ̀lù Tó Délẹ̀ Kó Tó Dé Òkè

Ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo pa ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì Bàbá mi, n kò sì fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Orí ìwé ni mo ti pa wọ́n. Ìbéèrè kan wà tí Bàbá fẹ́ràn láti máa fún wa: awakọ̀ kan ń bọ̀ lórí eré ogún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó rí ewúrẹ́ kan tó dúró sí àárín ọ̀nà ní àádọ́ta mítà, ó tẹ bíréèkì, eré rẹ̀ sì ń fi mítà márùn-ún dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣé ewúrẹ́ náà á yè é? Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á rí i pé ọkọ̀ á dúró ní ogójì mítà, ewúrẹ́ á sì máa jẹ koríko rẹ̀ lọ. Èmi máa ń gbàgbé àmì ìyọkúrò ni. Bí mo bá ti gbàgbé ẹ̀ báyìí, bíréèkì ti di ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré sí i nìyẹn, ọkọ̀ á sì gba orí ewúrẹ́ kọjá. "Ewúrẹ́ kẹta rèé," ni Bàbá wí níwájú gbogbo kíláàsì. "Ẹ jẹ́ ká tètè kìlọ̀ fún àwọn tó ń sin ẹran ládùúgbò."

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo ló wà nítòsí wa, Bàbá mi nìkan sì ni tíṣà físíìsì ibẹ̀, nítorí náà kò síbi tí mo lè sá gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pe orúkọ Bàbá. Ibo-Lòkè ni wọ́n ń pè wọ́n lẹ́yìn. Ohun tó fà á ni pé kí ẹnikẹ́ni tó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ nínú kíláàsì wọn, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ọfà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kó fi sọ apá ibi tí òun ń kà sí ìròpọ̀. Òdìkejì ọfà náà á wá di ìyọkúrò. Bí o bá gbàgbé ọfà yìí, wọn ò ní ka ohun tó kù tí o kọ. Wọ́n á kàn dúró síwájú tábìlì rẹ, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Ibo lòkè?"

Wọ́n tún ní àṣà kan tí mi ò rí lọ́wọ́ tíṣà mìíràn. Ẹni tó bá gba gbogbo ìbéèrè láìṣì, Bàbá kì í kọ máàkì sínú ìwé rẹ̀. "A dúpẹ́" ni wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa. Màmá mi bi wọ́n nígbà kan pé irú máàkì wo nìyẹn. Wọ́n ní máàkì wà fún ẹni tó ṣì ń gbìyànjú. Ẹni tó bá ti yé, ọpẹ́ nìkan ló kù tí àwọn lè fún un. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ti di ẹnjiníà báyìí, gba "A dúpẹ́" títí tó fi ń ṣakọ nínú ilé. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ò gba ẹyọ kan. Mo di télọ̀, mo fi físíìsì sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, aṣọ tí mo sì rán fún Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó rí i tí kò béèrè ẹni tó rán an.

Ìjà kan ṣoṣo ni èmi àti Bàbá ò parí láti ìgbà yẹn. Mo gbà pé ohun tí a bá jù sókè máa ń sinmi díẹ̀ lókè kó tó padà wálẹ̀. Mo ní ta ló ń gun òkè tí kì í dúró mí kí ó tó sọ̀? Bàbá á kọ̀ jálẹ̀. "Eré rẹ̀ ló tán lákòókò yẹn," ni wọ́n máa ń wí. "Òòfà ilẹ̀ ò fi í sílẹ̀ rárá. Òòfà ilẹ̀ kì í gba ìsinmi." Èmi náà á ní ó dáa, kí wọ́n lọ bi òkúta léèrè. A lè wà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí Màmá á fi gbé oúnjẹ síwájú wa, tí wọ́n á ní kí òkúta náà wá jẹun.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, wọn ò wo iwájú, wọn ò wo ẹ̀yìn. Òrùlé ni wọ́n tẹjú mọ́, tí wọ́n ń mí. Ọsibítù sọ pé rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí a fi máa gbé wọn padà wálé, ọwọ́ ọ̀tún ò gbéra mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu sì ti pa dé. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń yé wọn. Tí a bá sọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, ojú wọn á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fèsì, ètè á gbọ̀n, ọrùn á le, afẹ́fẹ́ lásán á jáde, omi á sì lé sójú wọn. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wá jíjẹ ní gbogbo ayé rẹ̀ wá di ẹni tí ń tọ́ka sí omi.

Mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi láti ṣọ́ọ̀bù wá sí pálọ̀ wọn, kí Màmá lè rójú sùn, kí n sì lè máa ṣọ́ Bàbá. Mo gbé e síwájú fèrèsé, ní òdìkejì pátákó dúdú tí Bàbá kàn mọ́ ògiri nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nílé. Àga Bàbá wà láàárín èmi àti pátákó. Báyìí ni èmi àti wọn ṣe ń jókòó látàárọ̀, máṣíìnì ń pariwo, Bàbá ò sọ nǹkan kan.

Ọsibítù wá rán ọmọbìnrin kan sí wa, nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ bí a ṣe ń mú ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu ẹni. Tíṣà Ahọ́n ni mo sọ ọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó lẹ́mìí sùúrù, ó sì gbé báàgì àwòrán kan wá. Ó gbé àwòrán ife síwájú Bàbá. "Bàbá, kí lèyí?" Ó gbé ajá. Ó gbé bàtà. Bàbá wo bàtà náà, wọ́n wo ọmọbìnrin náà, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ bí ayé ṣe ń fa nǹkan mọ́ra, ni wọ́n wá ń fi àwòrán bàtà hàn! Mi ò bá wọn wí. Bí wọ́n bá mú àwòrán abẹ́rẹ́ wá bi èmi náà pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, n ó bínú.

Nígbà tí Tíṣà Ahọ́n ti wá títí tí nǹkan kan ò yí padà, ó pe èmi àti Màmá sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má bínú, mi ò ní tàn yín," ló wí. "Àsìkò yìí gan-an ni ọpọlọ ń wá ọ̀nà mìíràn tó máa gbà. Tó bá pẹ́ jù, kì í sábà rí i mọ́. Mo máa padà wá níparí oṣù. Tí ọ̀rọ̀ kankan ò bá tíì jáde, ọ́fíìsì á ní kí n gbé àyè Bàbá fún ẹlòmíì. Àwọn tó ń dúró pọ̀."

Màmá ò sunkún. Wọ́n kàn di ìró wọn le, wọ́n ní, "Ṣé bí mo ṣe gbọ́ ohùn ọkọ mi kẹ́yìn nìyẹn? Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn fún mi, ọṣẹ ló béèrè o." Tíṣà Ahọ́n di ọwọ́ wọn mú. Èmi wọlé, mo tẹ máṣíìnì kíkankíkan, mo rán ẹnu àpò ṣòkòtò ẹnìkan pa, mo sì ní láti tú u.

Mo pe àbúrò mi. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Òun ló ronú kan físíìsì, kí n má gba ògo ẹlòmíì. Ó ní bí Bàbá ò bá dá ajá àti bàtà lóhùn, wọ́n á dá òkúta lóhùn. Ó ra ẹfun tuntun, ó nu pátákó, ó kọ ọ́ ketekete: òkúta kan já láti orí ilé gogoro kan, ó gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó délẹ̀, báwo ni ilé náà ṣe ga tó? Ó fa ọfà. Ó ní eré òkúta ń fi mítà mẹ́wàá pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó parí sí ọgbọ̀n. Ìdajì ọgbọ̀n ni ká fi ṣírò, torí kì í ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sá eré ọgbọ̀n: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà mẹ́ta, márùndínláàádọ́ta mítà. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n sọ ọ́ di àádọ́rùn-ún nígbà tiwa, mo yáa ń wo abẹ́rẹ́ mi.

Bàbá mi orí. Ojú wọn ń dán pé ó tọ̀nà. Àbúrò mi kọ òmíràn, ó gbà á, Bàbá mi orí. Ó kọ òmíràn, ó tún gbà á. Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi ń gba ìbéèrè, tí Bàbá ń mi orí tìdùnnútìdùnnú, tí ẹnu wọn ò sì fọhùn. Nígbà tó ń padà lọ, ó dì mọ́ mi lẹ́nu géètì, ó ní, "Àǹtí mi, mo ti ṣe èyí tí mo mọ̀." Mo ní mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ju èmi lọ pé èyí tó mọ̀ pọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn èyí, mo ń ká etí aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ kan, inú sì ń bí mi. Ta ni mò ń bínú sí? Mi ò mọ̀. Bóyá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Tíṣà Ahọ́n ò ní pẹ́ dé, Bàbá sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wo pátákó tí kò sí nǹkan lára rẹ̀. Mo dìde. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá, èmi náà á ṣe tèmi." Mi ò níwèé tí mo fẹ́ wò. Mo ti fìdí rẹmi nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mo mọ gbogbo wọn lórí. Ìdáhùn wọn ni mi ò mọ̀.

Mo mú ẹfun télọ̀ mi, èyí funfun tó pẹlẹbẹ, mo kọ ọ́ sójú pátákó: a ju bọ́ọ̀lù kan sókè láti orí òrùlé ilé tó ga ní mítà márùndínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú eré ogún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ló máa délẹ̀? Nínú iṣẹ́ tiwa, èjìká la ti ń na téèpù, ìsàlẹ̀ la sì ń wọ̀n ọ́n lọ. Kò sí télọ̀ tó ń wọn aṣọ láti ẹsẹ̀. Bí mo ṣe wọn bọ́ọ̀lù náà nìyẹn, láti òrùlé lọ sílẹ̀, mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, eré rẹ̀ á gbé e rin ogún mítà, òòfà ilẹ̀ á fi márùn-ún kún un, ó di márùndínlọ́gbọ̀n géérégé! Ó bá ara mu débi tí orí mi wú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: *ìṣẹ́jú àáyá kan*. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo sì kọjú sí Bàbá pé kí wọ́n mi orí tèmi náà.

Bàbá ò mi orí. Ojú wọn ti yí padà. Ọwọ́ òsì wọn di apá àga mú, àga náà ń dún, ètè wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé àìsàn náà ló tún dé. Mo sáré lọ síwájú wọn, mo kúnlẹ̀.

"Ò..." ni wọ́n wí. "Ò... ò..."

"Bàbá, kí ló ń ṣe yín? Omi ni?"

"Ò-kè!"

Mo wo ojú wọn. Wọ́n fi ìbínú na ọwọ́ òsì sí pátákó. "Òkè!" ni wọ́n tún wí, ó sì yanjú ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Òkè! Òkè!"

Mo yíjú wo ohun tí mo kọ. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè. Eré ogún mítà, tí òòfà ń fi mẹ́wàá dín in kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú àáyá méjì gbáko ló máa lò kó tó parí lílọ sókè. Èmi sì ti mú un délẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́ọ̀lù mi ti délẹ̀ kó tó dé òkè.

Màmá ti yọ láti ilé ìdáná, ọwọ́ wọn kún fún ọṣẹ. "Ta ló sọ̀rọ̀?" ni wọ́n ń bi mí. "Ta ló sọ̀rọ̀ níbí?" Bàbá wo Màmá, wọ́n tọ́ka sí pátákó bí ẹni tó ń fẹjọ́ ọmọ sun ìyá rẹ̀, wọ́n ní, "Òkè!" Màmá wó lulẹ̀ síwájú àga, wọ́n gbé orí lé orúnkún ọkọ wọn. "Òkè náà ni," ni wọ́n ń wí, tí wọ́n ń sunkún tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Òkè náà ni, ọkọ mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òkè yìí ti ń sú mi. Máa sọ ọ́ lọ."

Mo pe Tíṣà Ahọ́n, kò sì dúró di ìparí oṣù. Ó gbé ife, Bàbá kọjú sí ògiri. Ó gbé ajá, bákan náà. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tún ṣì í." Mo ní kò nílò kó bẹ̀ mí, Ọlọ́run ti fi iyẹn jíǹkí mi. Mo kọ ti ewúrẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo sì ti pa ẹ̀kẹrin kí n tó mọ̀. Bàbá fún ojú pọ̀, wọ́n ní, "À... àmì! Àmì!" Nígbà tí wọ́n rí ohun tí mo fi ṣe ewúrẹ́ náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Bàbá ni.

"Ó ti yé mi," ni Tíṣà Ahọ́n wí. "Ẹni tó bá gbà, orí ló ń mì. Ẹni tí kò bá gbà ló ń wá ọ̀rọ̀. Ẹnjiníà ń gbà á, kò sí ohun tí Bàbá fẹ́ bá a sọ. Àǹtí, ẹ má jáwọ́ o."

Ẹ wo ayé! Nǹkan tí wọ́n fi ń yọ mí lẹ́nu láti kékeré ló wá di oògùn. Inú mi dùn débi tí mo ń dá rẹ́rìn-ín lẹ́nu máṣíìnì. Bí mo bá ti ká etí aṣọ kan tán, mo máa dìde lọ sẹ́nu pátákó lọ ṣe àṣìṣe. Mo ju òkúta sókè, mo sọ ọ́ sínú kànga, mo mú ọkọ̀ dúró níbi tí kò yẹ kó dúró, Bàbá sì ń bá mi jà. "Rárá" kọ́kọ́ dé. "Ìdajì" tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ń wá ní méjì-méjì. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ewúrẹ́... tálákà," wọ́n sì wo Màmá bóyá wọ́n gbọ́.

Ìgbà tí mo tún kọ ti bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́ mi ní tòótọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wa máa ń wọn nǹkan sí, ọwọ́ mi ò gbọ́ òkè. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ronú títí. "Ìsàlẹ̀... dáa," ni wọ́n wí. "Yàn án. Fa... ọfà. Má yí... padà." Mo fa ọfà sísàlẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí ogún mítà náà. "Ìyẹn... ń lọ... ibo?" Mo ní òkè ló ń lọ. Ẹnu mi là. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ìròpọ̀, ohun tó ń lọ sókè gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyọkúrò! Mo ṣe é. Ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, òòfà ti fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀ ní ọgọ́fà mítà lé márùn-ún, eré tó fi lọ sókè sì yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀, ó ku márùndínlọ́gbọ̀n, ilé náà gan-an. Márùn-ún ni ìdáhùn. Gbogbo ọdún tí mo ti ń sá fún nǹkan yìí, àṣé kò ju kéèyàn sọ ibi tí òun kọjú sí, kó sì dúró tì í. Inú mi dùn, ojú sì tì mí díẹ̀ fún bí inú mi ṣe dùn tó.

Bàbá mi orí. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Mo kọ òmíràn lọ́jọ́ kejì, mo fa ọfà, mo gbà á. Bàbá mi orí, pálọ̀ dákẹ́. Màmá yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?" Mo ní kò sí. Ṣé bí n ó ṣe wá gbọ́n nìyí, ní àsìkò tí àìmọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò fún ẹnìkan! Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Mo máa fi ọgbọ́n gbé àmì kan jù, n ó fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn, n ó sì kọjú sí wọn bí òmùgọ̀. Bàbá á bá mi jà, ọ̀rọ̀ á pọ̀ sí i. Mo ń dúpẹ́ nínú mi lójoojúmọ́ pé wọn ò fura.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fi ṣeré ni ìjà wa àtijọ́. Mo bi wọ́n léèrè ní tòótọ́: bọ́ọ̀lù náà, nígbà tó dé òkè pátápátá, ṣé kì í sinmi ni? "Eré... ló tán," ni wọ́n wí. "Òòfà... ò lọ. Bó bá lọ... bọ́ọ̀lù... ò ní padà... wálé." *Wálẹ̀* ni mo retí, *wálé* ni wọ́n sọ, mi ò sì tún un ṣe. Mo wo ìyá mi tó ń ká aṣọ nítòsí, mo rántí gbogbo ọjọ́ tí pálọ̀ yìí dákẹ́. Ẹnu wọn ló dákẹ́, ohun tó ń fà wọ́n sọ́dọ̀ wa ò lọ síbì kan. Mo gbà fún Bàbá lórí ọ̀rọ̀ òkúta lọ́jọ́ yẹn. Ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n mo gbà.

Ìparí oṣù dé. Àbúrò mi wá, Tíṣà Ahọ́n wá pẹ̀lú ìwé ọ́fíìsì tó fẹ́ kọ èsì sí, Màmá wọ aṣọ tó dáa. Kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ dáadáa, mo yan bọ́ọ̀lù orí òrùlé, torí òun ló kọ́kọ́ ṣí wọn lẹ́nu. Mo kọ ọ́, mo fa ọfà mi sísàlẹ̀, mo wá ro ogún mítà mọ́ márùn-ún bíi ti àkọ́kọ́. *Ìṣẹ́jú àáyá kan*. Mo fa ìlà méjì. Àbúrò mi ti ń mú ojú kúrò nítorí ìtìjú tèmi. Mo kọjú sí Bàbá.

Bàbá wo pátákó. Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wo pátákó, ó pẹ́, mo sì rí i pé ojú wọn ò sí lára ìdáhùn rárá. Ẹ̀gbẹ́ pátákó ni wọ́n ń wò, níbi tí ọfà wà. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

"Irọ́ ni," ni wọ́n wí.

"Àbí?" ni mo ní. "Níbo ni mo ti ṣì í, Bàbá?"

"O ò... ṣì í." Wọ́n dúró gba èémí. "Nígbà tí o... bá ṣì í lóòótọ́... o kì í fa ọfà. Ìwọ yìí... fa ọfà. O mọ̀ ọ́n." Wọ́n tún dúró. "Torí kí èmi... lè sọ̀rọ̀... lo ṣe ṣe é."

Tíṣà Ahọ́n, tó ti ń kọ̀wé láti ìgbà yẹn, gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kò nílò kí òun tún bi Bàbá ní ohunkóhun, òun á máa bọ̀ bí òun ṣe ń bọ̀, ó sì ti báàgì àwòrán rẹ̀ bọ abẹ́ àga. Màmá ti fi gèlè bo ojú.

Bàbá na ọwọ́ òsì sí tábìlì máṣíìnì mi. Mo rò pé omi ni wọ́n ń fẹ́. Ẹfun télọ̀ ni, kì í sì í ṣe funfun. Wọ́n mú èyí pupa tí mo fi ń sàmì sára aṣọ funfun. Àbúrò mi àti èmi gbé wọn dìde, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ dé iwájú pátákó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tí kò kọ nǹkan rí kọ̀wé sábẹ́ ìlà méjì tí mo fà. Ó gùn, ó wọ́, lẹ́tà kan ga ju èkejì lọ. Mo ti mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n tó parí rẹ̀, mo sì ti ń sunkún.

*A dúpẹ́.*

Àbúrò mi kà á, ó wo ìdáhùn tó wà lókè rẹ̀, ẹnjiníà inú rẹ̀ ò sì jẹ́ kó gbà. "Ṣùgbọ́n Bàbá," ló wí, "ìdáhùn yẹn ò tọ̀nà o. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí.